Òòlù Inú Fíríìjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ń ṣarán. Mi ò tíì lè la ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí kí n tó kọ ohun mìíràn. Gbogbo àárọ̀ yìí ni mo fi wá òòlù mi. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo inú àpótí ìṣó, mo tú gbogbo fóòmù tó wà nílẹ̀ palẹ̀ bí ẹni tí olè jà. Oníbàárà tó ni àga gígùn aláwọ̀ ewé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, mo bá ń ṣe bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Nígbà tí mo ṣí fíríìjì pé kí n mu omi, òun nìyẹn! Ó sùn ti bọ́tà, ó tutù bíi yìnyín. Èmi nìkan ni mo ń lo òòlù nílé yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàtà mi ẹsẹ̀ kan ni. Sálúbàtà ni mo fi lọ ra òwú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù àwo ni mo ti wá bá bàtà náà, wọ́n fi abọ́ dé e lórí.

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Awọ àga tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní kí n má bi òun, kí n lọ bi àwọn tó ń kó o wọlé.

Ọ̀gá Kékeré, ọmọ-ọmọ mi, jẹ búrẹ́dì ẹ̀ tán níṣojú mi lónìí, kò fi ìkankan pamọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọmọkùnrin mi ní kí ọmọ òun lò lọ́dọ̀ mi nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kó jáde nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti bímọ, ọmọ náà ti bí tiẹ̀. Bàbá ẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá, ó ní iṣẹ́ ò tíì jẹ́ kí òun mí.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo ti sọ ọ́. Ọmọbìnrin mi àkọ́bí pè mí nírọ̀lẹ́, mo wá fi ọ̀rọ̀ òòlù pa á lẹ́rìn-ín, kó má baà jáde lẹ́nu mi bí ẹkún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ bi í léèrè? Bóyá ooru ló mú un."

"Mo bi í. Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé, atẹ́gùn ń jáde."

"Yéè! Ẹ ò ní pa mí!"

Mo sọ ti bàtà náà fún un. Mo tún sọ pé mo fi orúkọ òun ọmọbìnrin mi pe Ọ̀gá Kékeré lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Ó ní ìyẹn ò burú, òun náà máa ń pe oníbàárà ní orúkọ oògùn níbi tí òun ti ń ta oògùn. Ara mi fúyẹ́. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun ni mo máa ń sọ tinú mi fún. Ti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, bí o ro ẹjọ́ fún un láti àárọ̀ dalẹ́, "ó dáa, Bàbá" lo máa gbọ́.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Tíṣà Ọ̀gá Kékeré dá mi dúró lẹ́nu géètì. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni tíṣà náà, ẹfun ìkọ̀wé wà nínú irun ẹ̀.

"Bàbá, mi ò tíì gbọ́ ohùn ọmọ yìí rí. Tí mo bá pe orúkọ ẹ̀, ọwọ́ ló máa nà sókè. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kò ní sọ, á jókòó síbẹ̀ títí á fi tú sí i lára."

Mo ní nílé ó máa ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe lójú èèyàn. Inú férémù àga ló máa ń wọ̀, á ti ibẹ̀ máa bá mi sọ̀rọ̀ bíi rédíò.

Tíṣà ní nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé máa pe ilé gbogbo ọmọ kíláàsì náà lórí fóònù. Á béèrè nípa ìwà ọmọ, bí inú ẹ̀ ṣe ń rí, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èyí tó bá yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́ á rí ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà tèmi ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́, ti ọmọbìnrin mi ṣe ìkejì.

Mo sọ fún Ìyá Aránṣọ, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ẹ̀.

"Ẹ pa fóònù yẹn, jàre. Wọ́n á ní orí ọmọ ò pé, ó parí nìyẹn."

"Tí orí ẹ̀ bá pé ńkọ́?"

"Ẹni tó bá pe fóònù láti wá ohun tó bàjẹ́, ṣé ẹ rò pé á sọ pé òun ò rí i?"

Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Mi ò pa á.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì náà pè nígbà tí ìṣó wà láàárín eyín mi. "Mm" ni mo fi dá a lóhùn, ó rò pé inú ń bí mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Mo tu ìṣó dà sọ́wọ́.

Ó kí mi dáadáa. Ó ní tí ìbéèrè kan ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n ní ká fò ó. Ó ní ohun tí mo bá sọ, kì í ṣe láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹ̀ yí padà. Obìnrin yìí ní ohùn méjì: ohùn tiẹ̀, tó dà bíi ti ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín, àti ohùn ìwé, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pákó tí wọ́n ti fá.

"Mo máa ka gbólóhùn kan. Kí ẹ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, tàbí ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọmọ náà máa ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ."

"Kí ló ń jẹ́ díẹ̀?"

"Bó bá ṣe yé yín náà ni, sà."

"Màdáámù, ẹni tó ń ṣe àga ni mí. Tí oníbàárà bá ní kí n fi fóòmù díẹ̀ sí i, mo máa bi í pé díẹ̀ ti ta ni."

Mo gbọ́ bó ṣe gbé ẹ̀rín mì. "Wọn ò gbà kí n ṣàlàyé, sà. Kí n tún un kà nìkan ni mo lè ṣe."

Ó tún un kà. Kò yọ ọ̀rọ̀ kan, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀nà iṣẹ́ wọn nìyẹn, ó ní kí gbogbo ilé lè gbọ́ ìbéèrè kan náà. Mo fara mọ́ ọn. Èmi náà, mi ò kì í fi ojú wọn aṣọ.

"Ọmọ náà ní ọ̀rẹ́ kan, ó kéré tán."

"Èmi."

"Ọmọdé bíi tiẹ̀, sà."

Mo ronú. Mo tún ronú. "Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ náà máa ń fi nǹkan pamọ́."

Mo rántí búrẹ́dì tí mo máa ń bá nínú tìmùtìmù tí mo bá fẹ́ rán an pa. "Ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an."

"Inú máa ń run ọmọ náà láìsí àìsàn."

Gan-an. Ṣé ó ń sunkún láìsọ ohun tó ṣe é? Gan-an. Ṣé ó ń tọ̀ sílé? Mi ò fẹ́ sọ ìyẹn, ojú ń tì mí fún un. Mo sọ ọ́.

Nígbà tó parí, ó ní "ẹ ṣé gan-an, sà," ohùn tiẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Mo jókòó lórí àga tí mi ò tíì kàn tán. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń rí àwọn nǹkan yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń ní á tán. Àfìgbà tí ẹnì kan to gbogbo ẹ̀ síwájú mi ni mo mọ̀ pé ọmọ yìí ń jìyà.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Òjò. Ọ̀gá Kékeré jẹun. Kò tọ̀ sílé.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọmọbìnrin mi wá kí wa. Ó mú bísíkíìtì wá, Ọ̀gá Kékeré gbà á, ó gbé e wọnú àga lọ. Mo ro gbogbo bí fóònù náà ṣe lọ fún un. Inú mi dùn sí ara mi, mo ń ṣe ohùn ìwé fún un kó lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ fún wọn pé ó ń tọ̀ sílé?"

"Wọ́n bi mí."

"Tí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ ti jalè rí ńkọ́?"

"Mi ò jalè rí."

"Bàbá! Ẹ̀yin náà ẹ!"

Ó dìde, ó lọ ń fọ àwọn àwo tí mo ti fọ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Iṣẹ́ ìdúró ni iṣẹ́ oògùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wú. Mo ní kó máa gbé e sókè tó bá sùn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Nọ́ọ̀sì tún pè. Àyè kan wà! Dókítà kan wà tó máa ń bá àwọn ọmọdé ṣeré, tí á sì máa tibẹ̀ tú ohun tó wà nínú wọn síta, ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Àyè náà ò pọ̀, àmọ́ ìdáhùn mi fi hàn pé ó tọ́ sí Ọ̀gá Kékeré. Ó ku kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òbí ẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó jọ ti àbúrò ẹ̀ létí mi, mo sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ilé ìwé, Ọ̀gá Kékeré ń na ìṣó sí mi láti inú àga ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Gbà. Gbà. Gbà." Ọ̀gá lóòótọ́.


Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Kò sí ẹni tó pè. Oníbàárà aláwọ̀ ewé wá bínú. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mi tó wà níbi afárá kò gbé fóònù.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo máa kọ ọ́ bó ṣe rí.

Inú ń run Ọ̀gá Kékeré, kò lọ sílé ìwé. Ó wà nínú àga gígùn. Nọ́ọ̀sì pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Nípa ẹ̀yin fúnra yín."

"Èmi? Ṣé wọ́n ti mú mi wọ kíláàsì yẹn ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ohùn ìwé jáde. "Ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Mo ní Ìṣẹ́gun. Ó bi mí ní oṣù, ó bi mí ní ọdún. Mo ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń ṣeré.

"Mo máa dárúkọ nǹkan mẹ́ta. Ẹ pè é tẹ̀lé mi, mo máa tún bi yín tó bá yá. Ìgò. Ewúrẹ́. Kọ́kọ́rọ́."

"Ìgò, ewúrẹ́, kọ́kọ́rọ́. Ta ló fẹ́ kó ilé tuntun?"

"Ẹ yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, sà. Kí ẹ sì máa yọ ọ́ lọ."

Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹni tó ń gé aṣọ àga ò lè má mọ ìṣirò. Àmọ́ ara mi ti ń tutù díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ máa ń gbé nǹkan síbi tí kì í ṣe àyè ẹ̀."

Mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. "Màdáámù, mo ti gbé òòlù sínú fíríìjì rí."

Ohùn tiẹ̀ ló fi dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún wa."

Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí sínú. Ó ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀, kò lè kó o padà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún láyé yìí. Tíṣà ò mọ̀. Ìyá Aránṣọ ò mọ̀. Bàbá ọmọ ò mọ̀. Mo fi pa ẹnì kan lẹ́rìn-ín lórí fóònù, ẹni náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn?"

"Ìgò," mo ní. "Ewúrẹ́. Kọ́kọ́rọ́." Mi ò mọ ohùn ara mi mọ́.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mi ò ṣiṣẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọmọkùnrin mi gbé fóònù wàyí. Ariwo irin ń lọ lẹ́yìn ẹ̀.

"Ṣé nọ́ọ̀sì pè ẹ́?"

"Wọ́n pè mí, Bàbá. Àǹtí ti sọ fún mi pé wọ́n máa pè. Àǹtí ní kí n sọ pé àwọn làwọn máa dáhùn fún mi, torí mi ò sí nílé."

"O ò béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ sọ?"

"Àǹtí mà ni, Bàbá. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè?"

Mo ní ọmọ ẹ̀ ń kí i. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá."


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọmọbìnrin mi wá. Òjò ń rọ̀, ó gbé agboòrùn ẹ̀ ti ògiri. Mi ò jẹ́ kó jókòó.

"Kí lo sọ fún wọn nípa òòlù mi?"

Ó wo ilẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Òòlù ló sọ fún mi."

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi ná. Mo máa ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gba oògùn irú ẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ìyá wọn máa ń dúró títí ṣọ́ọ̀bù á fi ṣófo kó tó na ìwé sí mi. Gbogbo àdúgbò á sì ti mọ̀. Ọmọbìnrin ni Ọ̀gá Kékeré. Orúkọ tí wọ́n bá fún un lónìí lá máa jẹ́ títí."

"Wọn ò sọ̀rọ̀ oògùn. Eré ni wọ́n ní wọ́n máa bá a ṣe."

"Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Kí lo dáhùn?"

"Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀."

"Sí èwo?"

"Sí gbogbo ẹ̀."

"Wọ́n bi ẹ́ pé ṣé ó ń sunkún, o ní kò rí bẹ́ẹ̀? O ti gbé e lé itan lójú mi nígbà tó ń sunkún!"

"Wọ́n wá ní tèmi yàtọ̀ sí tiyín! Kí ni kí n sọ nígbà yẹn? Kí n ní bàbá mi ń purọ́? Mo wò ó, mo ní ó sàn kí n sọ pé ẹ ti ń gbàgbé nǹkan. Mi ò parọ́ mọ́ yín, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́ fún ẹ," mo ní. "Fún ẹ."

Ó fẹ́ di ọwọ́ mi mú, mo gbé ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ọmọdé. Ó lọ láìmu omi, ó gbàgbé agboòrùn ẹ̀, ó bọ́ sínú òjò yẹn. Gbogbo ìgbà tá à ń jà, mi ò gbọ́ ìró kankan láti inú àga gígùn tí Ọ̀gá Kékeré wà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀tá ló ń ṣèèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo kọ́ ní ìrìn ni. Ohun tó sì wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé mi ò lè búra pé irọ́ ló pa. Òòlù wà nínú fíríìjì. Bàtà wà lábẹ́ abọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mo wá awò ojú mi lónìí títí ó fi rẹ̀ mí. Mo fẹ́ gbé férémù kan lọ fún káfíńtà. Mo wo gbogbo ibi tó yẹ kó wà. Mo wo fíríìjì pàápàá, ìtìjú ni. Mo bá jókòó sílẹ̀ láàárín fóòmù, mo sọ ọ́ síta, ó ya èmi náà lẹ́nu: "Mo ti ń ṣarán lóòótọ́."

Ohùn kan jáde láti inú àga gígùn.

"Bàbá àgbà, ẹ ò ṣarán."

Ọwọ́ kan yọ láàárín pákó. Awò mi ló wà níbẹ̀, ó fi àjákù aṣọ àga wé e.

Mi ò gbéra. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá yí ara, á dákẹ́. "Ìwọ lo gbé e?"

"Mm."

"Òòlù ńkọ́?"

"Ẹ kì í ṣí fíríìjì láàárọ̀."

"Kí ni òòlù ṣe fún ẹ?"

"Ó ń pariwo. Tí wọ́n bá ti ń gbá nǹkan, ẹnì kan máa jáde lọ ni."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó máa ń na ìṣó sí mi ni. Mo rántí wàyí pé tó bá ti na ìṣó tán, á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Mo rò pé eré ni.

"Bàtà mi ńkọ́, Ọ̀gá mi?"

"Ọ̀kan ni mo mú. Tó bá ku ẹyọ kan, èèyàn ò lè lọ." Ó tún ní, "Bàtà méjèèjì ni Mọ́mì wọ̀."

Mo dùbúlẹ̀ sórí fóòmù kí ojú mi lè ṣe déédéé pẹ̀lú tiẹ̀ láàárín pákó. Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó ní káfíńtà ńkọ́. Mo ní káfíńtà lè dúró. A jọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, òun nínú, èmi níta, títí Ìyá Aránṣọ fi yọjú.

"Ẹ̀ẹ́n, ṣé ẹ ti ń dán ọjà wò ni?"


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì

Èmi fúnra mi ni mo pe nọ́ọ̀sì. Mo ro ohun tí ọmọ sọ fún un. Ohùn tiẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀ dé ìparí.

"Sà, ẹ dáhùn gbogbo ohun tí mo bi yín lọ́jọ́ yẹn láìṣì kan. Orí yín pé. Ohun tí mo sọ nípa òòlù yẹn, kò yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ má bínú."

"Ó dára tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ọmọ yìí ńkọ́?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti há. Bàbá ọmọ ti fi ẹnu ara ẹ̀ gbé ìdáhùn lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́, torí náà ti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kà sí ti òbí. Èmi, olùtọ́jú ni mí. Àfi kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì pè láti yí i padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mìíràn máa gba àyè náà. Wọn ò sì mọ ìgbà tí òmíràn máa ṣí.

Mo pe ibi afárá. Mo sọ gbogbo ẹ̀, ti òòlù, ti bàtà. Ọmọkùnrin mi ní, "Bàbá, tí Àǹtí bá ti gbà, èmi náà gbà."

"Ta ló bí ọmọ náà? Ìwọ àbí Àǹtí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan tà mí, ìkejì ní kí n lọ bá ẹni tó tà mí dúnàádúrà.

Mo pe Àǹtí ọ̀hún. Ó ń dún, kò gbé e.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Kò gbé e. Mo ti fi òòlù onírọ́bà rọ́pò ti irin. Iṣẹ́ ń falẹ̀, àmọ́ kò pariwo. Ọ̀gá Kékeré gbọ́ ọ, ó yọ orí síta, ó wò ó, ó padà wọlé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin mi nìyí. Mo dà á kọ síbí kí n lè mọ ohun tí mo sọ.

"Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì ní lè kí ẹ kí n tó sọ ìdí ẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ló gbé òòlù sínú fíríìjì. Òun ló fi abọ́ dé bàtà mi. Ó ń fi nǹkan pamọ́ kí n má baà lọ bí ìyá ẹ̀ ṣe lọ. Ohun tí o mú lọ fún wọn pé kó jẹ́ ẹ̀rí pé orí mi ò pé mọ́, igbe ọmọ yẹn ni. Ó ti ń ké láti ọjọ́ yìí, ìwọ àti èmi jọ fi rẹ́rìn-ín lórí fóònù ni.

O ní o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ orúkọ. Mo gbà pé ohun tó wà lọ́kàn ẹ nìyẹn. Àmọ́ nílé ìwé, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ná, Odi ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é. Èmi ò tètè mọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi lánàá.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ, mi ò tíì dárí jì ẹ́. Ó dùn mí dé egungun. Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ fún ẹ lẹ́yìn èyí, mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu mi bóyá mo máa bá a lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohun tí o gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, mi ò sì mọ bí o ṣe máa dá a padà. Àmọ́ èyí tó wà láàárín èmi àti ẹ lè dúró. Àyè ọmọ yìí ni kò lè dúró. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fún ẹlòmíràn. Pe nọ́ọ̀sì. Jẹ́ kó tún ìbéèrè ẹ̀ kà fún ẹ. Kò ní ṣàlàyé, kò ní fi kún un. Ìwọ náà dá a lóhùn bí o ṣe rí i, ó tán.

Agboòrùn ẹ tí o gbàgbé, mo wá a títí, mi ò rí i. Mo bi Ọ̀gá Kékeré, ó ní tí òjò bá ń rọ̀, o máa padà wá mú un. Mi ò bi í ibi tó fi sí.

Ìgò. Ewúrẹ́. Kọ́kọ́rọ́. Ó ṣì wà lórí mi síbẹ̀.

Tí o bá ti ka èyí, má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó kọ̀wé sí mi."